Ilé Ta Lẹ Wọ̀? Àtúnṣe sí Àṣìṣe Kan nípa Ìrìn Orí Òkè Nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Àwọn òkè tó yí Ìmẹ̀sí-Ilé ká kò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Èèyàn kò tíì wọ ìlú tí yóò ti máa rí wọn níwájú, tí wọ́n tò gbọọrọ bí ebè iṣu lóko aláápọn, tí kùrukùru sì ń bo orí wọn láàárọ̀ ọ̀yẹ́. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá sọ lójú àwa ọmọ ilẹ̀ yìí pé òun fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin rìn lórí àwọn òkè náà, kí amọ̀nà wà níwájú òun, kí òun sì máa rí ibi gidi sùn ní alaalẹ́, èsì méjì ló máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní, "Òyìnbó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa kì í gun òkè láìnídìí." Àwọn mìíràn, tí wọ́n ti gbọ́ ìròyìn àwọn agunkè ilẹ̀ òkèèrè, á ní, "Ẹni tó ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń jẹ oúnjẹ gbígbóná, kò tíì gun òkè. Fàájì ló ń ṣe."

Èsì méjèèjì dà bí ohun tó ta ko ara wọn, ṣùgbọ́n orí ìpìlẹ̀ kan náà ni wọ́n dúró lé: pé ìrìn ọlọ́jọ́ púpọ̀ lórí òkè, pẹ̀lú amọ̀nà àti ibùwọ̀ tó tuni lára, jẹ́ ohun tí wọ́n kó wá bá wa láti òkè òkun. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Mo ti wá rí i pé àṣìṣe ni, mo sì fẹ́ tún un ṣe níhìn-ín, nítorí pé àṣìṣe yìí kò mọ sórí ahọ́n. Òun ló ń mú ká rò pé àfi ká kọ́kọ́ wá owó rẹpẹtẹ fi kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì sórí òkè kí àlejò tó lè máa rìn nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ìrìn náà nílò jù lọ ti wà nílé wa kí a tó bí àwọn baba ńlá wa.

Ìdí tí àṣìṣe náà fi rọrùn láti gbà

Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òpè. Nínú ìtàn tí a gbọ́ nígbà èwe, ibi ìsásí ni òkè. Abẹ́ àpáta Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá forí pamọ́ sí kí Abẹ́òkúta tó di ìlú ní 1830. Orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún, àtẹ̀gùn tí èèyàn sì máa gùn dé ìlú àtijọ́ náà lé ní 600. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ogun ló ń léni gun òkè, àlàáfíà ló sì ń múni sọ̀ kalẹ̀.

Ìdí kejì ni pé òkè jẹ́ ilé òrìṣà. Ìbàdàn ń bọ Òkèbàdàn, Ìdànrè ń ṣe ọdún Òrósùn, ọ̀pọ̀ ìlú Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ló sì ní òkè tí ẹsẹ̀ lásán kì í tẹ̀. Ìdí kẹta ni ọ̀nà mọ́tò. Láti ìgbà tí ọ̀dà ti gba ẹsẹ̀ òkè kọjá, ojú fèrèsé ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń wo òkè. Ojú wọn mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ wọn kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹsẹ̀ kò bá mọ̀, kì í pẹ́ kí ẹnu tó pè é ní àjèjì.

Òyìnbó pàápàá kọ́ ọ ni

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo òyìnbó tí a ń fi ọ̀rọ̀ yìí lé lọ́wọ́. A máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ni ìfẹ́ òkè wà, ṣùgbọ́n ìtàn wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Òkè tó ga jù ní àgbègbè Alps ni Mont Blanc, gíga rẹ̀ sì lé ní mítà 4,800. Ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1786 ni ẹsẹ̀ èèyàn kọ́kọ́ tẹ orí rẹ̀. Àwọn méjì ló gùn ún: Michel Paccard, tó jẹ́ dókítà, àti Jacques Balmat. Iṣẹ́ Balmat ló yẹ ká fọkàn sí. Ọdẹ ni, ó sì tún máa ń wá òkúta kírísítálì lórí òkè láti tà. Ìyẹn ni pé ẹni tí oúnjẹ òòjọ́ ti mú mọ òkè ló bá ọ̀mọ̀wé gùn ún.

Ní 1821 ni àwọn ará ìlú Chamonix, tó wà lẹ́sẹ̀ òkè náà, dá ẹgbẹ́ amọ̀nà sílẹ̀. Ní 1863 ni Thomas Cook kó àwọn arìnrìn-àjò àkọ́kọ́ rẹ̀ láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Switzerland. Ilé àwọn àgbẹ̀ àti ilé àwọn onílé-èrò inú àfonífojì ni àlejò ń sùn kí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tó pọ̀. Lónìí, àwọn tó ń rìn yí Mont Blanc ká ń rin nǹkan bí kìlómítà 170, ọ̀pọ̀ wọn sì ń sùn sórí ibùsùn ní ibùwọ̀ kan sí ìkejì. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún wọn pé wọn kò rìn.

Nítorí náà, ohun tí òyìnbó dá sílẹ̀ ni pé wọ́n sọ ìrìn orí òkè di ohun ìgbafẹ́, wọ́n sì sọ ìgbafẹ́ náà di òwò. Ọdẹ tó di amọ̀nà àti ilé àgbẹ̀ tó di ibùwọ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n sì wà níbí pẹ̀lú.

Ohun tí èdè wa fi pamọ́

Ẹ̀rí tó sún mọ́ wa jù ni èdè tí à ń sọ lójoojúmọ́. Bí àlejò bá dé ìlú Yorùbá, ìbéèrè tí wọ́n á bi í kì í ṣe "Níbo lo ń sùn?" Ohun tí wọ́n á bi í ni, "Ilé ta lẹ wọ̀?" Ọ̀rọ̀ ìṣe náà, wọ̀, ju kí èèyàn gbé orí lé ìrọ̀rí lọ. Ẹni tó bá wọ̀ sílé ẹnì kan ti bọ́ sábẹ́ òrùlé onílé náà, ó sì ti bọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí nǹkan bá ṣe àlejò, onílé ni wọ́n á pè. Bí àlejò bá sì ṣe ohun tí kò tọ́, onílé náà ni wọ́n á pè. Ibùwọ̀ la ń pe ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà, létí mi, la fi ń sọ pé oòrùn wọ̀: ilẹ̀ ti ṣú, ohun tó ń rìn ti wọlé.

Ẹ tún wo amọ̀nà. Ẹni tó mọ ọ̀nà ni. Bí a bá fẹ́ sọ pé ó ń fi ọ̀nà han ẹlòmíràn, a ó pè é ní afinimọ̀nà. Èdè tó ya ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó lè fi hanni ti ronú dáadáa lórí iṣẹ́ náà. A ní aláàárù tó ń ru ẹrù. A ní oníbodè tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ìlú. A ní èrò, tó ń tọ́ka sí àwọn tó jọ ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́ kí olè má baà dá wọn lọ́nà. Ní Ìbàdàn ayé ogun, babakékeré ni ìjòyè tó máa ń gba ìránṣẹ́ ìlú mìíràn sílé, tó sì ń bá a gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé iwájú àwọn àgbà. Èdè kì í ní gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lórí ohun tí àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe.

Òkè Kíríjì, 1886

Ẹ jẹ́ ká wá gun òkè Ìmẹ̀sí-Ilé gan-an. Ní 1878 ni Fábùnmi, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, kọ ìyà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, tí ọ̀rọ̀ sì di ogun. Láìpẹ́, ogun náà tẹ̀dó sórí àwọn òkè tó wà láàárín Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìbàdàn wà ní apá Igbájọ. Àwọn ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀, tó dojú kọ Ìbàdàn, wà ní apá Ìmẹ̀sí-Ilé, Ògèdèǹgbé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló sì ṣáájú wọn. Ìró ìbọn ńlá tó ń ta láti òkè dé òkè ló fún ogun náà lórúkọ tí gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí: Kíríjì. Ogun náà pẹ́ débi pé àgọ́ di ìlú, pẹ̀lú ilé, oko àti ọjà. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó ṣáájú Ìbàdàn, kú sí ibùdó ní 1885, ogun kò sì tíì parí.

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ fọkàn sí àwọn tó ń rìn, kí ẹ fi àwọn tó ń jà sílẹ̀ díẹ̀. Ìgbà tí ẹgbẹ́ ogun méjì bá dojú kọ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa gbé ọ̀rọ̀ lọ, gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Ní 1886, Gómìnà Moloney ti Èkó yan àlùfáà méjì tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa sí iṣẹ́ náà. Samuel Johnson lọ sọ́dọ̀ Ìbàdàn, Charles Phillips tó wà ní Oǹdó sì lọ sọ́dọ̀ Èkìtìparapọ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Èkó. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n kéde àlàáfíà lórí òkè náà, níwájú Higgins àti Smith tí ìjọba Èkó rán wá. Ìgbà tó fi máa di 1893 ni àwọn ẹgbẹ́ ogun ilẹ̀ Yorùbá tó tú ká tán pátápátá. Johnson yìí kan náà ló parí ìwé ńlá lórí ìtàn Yorùbá ní 1897, tí àbúrò rẹ̀ Obadiah tún tò, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921. Lára ohun tó jẹ́ kí ìwé náà jinlẹ̀ ni pé ẹni tó kọ ọ́ ti fi ara rẹ̀ rin ọ̀nà náà.

Báwo ni irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí? Kò sí mọ́tò, rélùwéè kò sì tíì dé. Ìránṣẹ́ ọba tàbí ti ìjòyè á wà níwájú pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ tàbí àrokò, kí oníbodè lè mọ̀ pé arìnrìn-àjò náà ní ẹni tó rán an. Aláàárù á ru ẹrù. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á wọ̀ sílé ìjòyè kan, omi á gbóná, iyán á délẹ̀, àwọn àgbà á sì wá kí wọn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, onílé á fún wọn ní ẹni tó máa sìn wọ́n dé ìlú tó kàn. Amọ̀nà, aláàárù, ibùwọ̀, oúnjẹ gbígbóná, ìlú kan sí ìlú kejì: gbogbo ohun tí a ń pè ní ti òyìnbó lónìí pé síbẹ̀. Láti ọjọ́ tí Balmat gun Mont Blanc sí ọdún tí wọ́n kéde àlàáfíà lórí Kíríjì jẹ́ 100 ọdún géérégé. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń gba àlejò lórí òkè ní àárín 100 ọdún yẹn.

Òṣómàálò lọ́nà, ẹlẹ́bẹ̀ lórí òkè

Bí ẹnì kan bá ní ìrìn àwọn àlùfáà àti ìránṣẹ́ ọba kì í ṣe ti mẹ̀kúnnù, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan ni n óò fi dá a lóhùn: Òṣómàálò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, pàápàá lẹ́yìn tí rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907 tí ọjà òkèèrè sì sún mọ́ wa, àwọn ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú. Wọ́n ń tà á ní àwìn, wọ́n sì ń padà lọ gba owó. Orúkọ wọn wá láti inú ìlérí tí wọ́n ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè: n óò lóṣòó síbí títí n óò fi gbowó mi.

Ìlérí yẹn la máa ń fi rẹ́rìn-ín, a kì í sì í bi ara wa pé níbo ni Òṣómàálò ń sùn lálẹ́ ọjọ́ tó fi ń lóṣòó. Ilé onílé ni. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan tó ti ń tajà, ó ní ẹnì kan tó jẹ́ onílé rẹ̀, tí ń bá a tọ́jú ẹrù, tí ń sọ fún un ẹni tó ṣeé fún ní àwìn àti ẹni tí kò ṣeé fún. Ìjẹ̀ṣà kò lè kọ́ ilé alájà sí Iléṣà láti inú òwò yìí bí kò bá jẹ́ pé ilé wà lójú ọ̀nà tó ń gbà wọ́n wọlé. Òkè sì wà lójú ọ̀nà wọn, nítorí láti Ìjẹ̀ṣà sí Èkìtì, èèyàn kò lè rìn kí ó má pàdé òkè.

Ẹ̀rí kan tún wà tó ṣì ń ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ní 1930, ní Òkè-Oòyè nílùú Iléṣà, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó jẹ́ awakọ̀ ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀nà kí ìpè Ọlọ́run tó bá a ní 1928. Láti inú ìsọjí yẹn ni àṣà gígun orí òkè fún àdúrà ti gbilẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Lónìí, bí ẹnì kan bá sọ pé, "Mo ń lọ sórí òkè," kò sẹ́ni tó máa bi í pé òkè wo ló ń wá lọ sí Switzerland. Wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta tàbí méje ló máa lò, pé àlùfáà orí òkè máa gbà á, pé yàrá tàbí gbọ̀ngàn wà níbẹ̀ tó máa sùn sí, àti pé yóò sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ara tó yàtọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyá wa tí wọ́n ń ti eékún ń gun irú òkè bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Àwa tí à ń sọ pé Yorùbá kì í gbé orí òkè sùn, ọ̀dọ̀ wọn ló yẹ ká ti kọ́kọ́ béèrè.

Ibi tí àṣìṣe náà ti ní òótọ́ nínú

Ẹni tó ń tún àṣìṣe ṣe gbọ́dọ̀ fi òótọ́ inú rẹ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Òótọ́ ni pé ìránṣẹ́ ń gun òkè nítorí iṣẹ́, Òṣómàálò nítorí owó, ẹlẹ́bẹ̀ nítorí àdúrà. Rírìn tí èèyàn ń rìn nítorí kí ó lè rìn, kí ojú rẹ̀ lè ríran, kí ara rẹ̀ sì lè yá gágá, jẹ́ ohun tuntun láàárín wa. Ṣùgbọ́n kò ju ìgbésẹ̀ kan lọ sí ohun tí a ti mọ̀. Ìtàn Erin-Ìjẹ̀ṣà sọ pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Akinlá ló kọ́kọ́ rí ìṣàn omi Olúmirin. Ìpele méje ni omi náà ń gbà já bọ́, láti ọdún pípẹ́ sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ọjọ́ ìsinmi gùn ún láìní ìdí mìíràn ju pé ó wù wọ́n. Òwe wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tó pa òwe yẹn mọ̀ pé ìríran lásán ti tó ìdí láti rìn.

Òótọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ ààbò. Inú igbó kò rí bó ṣe rí lójú àwọn baba wa, ìdí rèé tí àwọn gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù fi dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù láti rìn lórí òkè láìmọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò ṣàṣìṣe. Àmọ́ ẹ̀rù yìí gan-an ló gbè mí lẹ́yìn. Àwọn baba wa gbé ayé tó léwu ju èyí lọ, ayé ogun àti ìkónilẹ́rú, ohun tí wọ́n sì gbé kalẹ̀ láti dènà ewu ọ̀nà ni onílé àti amọ̀nà. Nínú èrò tiwọn, ibùwọ̀ tó dára kì í ṣe afẹ́. Ara ààbò ni.

Ohun tí mo rí lórí òkè

Èyí yé mi lọ́jọ́ kan nígbà ọ̀yẹ́, tí bàbá ọdẹ kan mú mi gun òkè lẹ́yìn ìlú. Ìrì ṣì wà lórí koríko nígbà tí a gbéra. Bàbá kò yára, kò sì dúró. Nígbà tí a dé ibi tí òkúta ti pọ̀, ó yí àdá rẹ̀ padà, ó sì ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbá àwọn òkúta kí ó tó tẹ̀ wọ́n. Èyí tó bá dún kíkankíkan, ó tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá dún bí àgbá òfìfo, ó yà fún un. Mo béèrè ìdí rẹ̀.

"Èyí tó fara mọ́lẹ̀ kì í dún bí òfìfo báyìí, ọmọ mi," ó ní. "Èyí tó ń dún bẹ́ẹ̀, nǹkan ti gbẹ́ abẹ́ rẹ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ìwọ àti òun lẹ jọ ń lọ."

"Ta ló kọ́ yín, Bàbá?"

"Àwọn tó ṣubú ni."

Kí ó tó rẹ̀ mí ló ti ń ní kí a jókòó. Mo sọ fún un pé mo ṣì lè rìn. Ó ní bí a bá dúró di ìgbà tó rẹ̀ mí, a ti pẹ́ jù, nítorí ìsọ̀kalẹ̀ ni òkè fi ń gbẹ̀san. Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ojú mi là kedere lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ ojú bàbá yẹn ni mo fi rí ọ̀nà.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, oòrùn ti ń lọ sílẹ̀. Ìyá tó gbà mí sílé ti gbé omi gbígbóná sí balùwẹ̀, odó sì ti ń dún lẹ́yìnkùlé. Mo jẹ iyán títí mo fi ń tòògbé lórí àga. Kí n tó délé ni àgbàlagbà kan ti dá mi dúró lọ́nà, tó sì bi mí pé, "Ilé ta lẹ wọ̀?" Mo dárúkọ ìyá náà. Ojú rẹ̀ rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kí n kí i, ó ní bí mo bá ṣi ọ̀nà lọ́la, kí n dárúkọ yẹn fún ẹni tí mo bá kọ́kọ́ rí. Kò sí hòtẹ́ẹ̀lì tí káàdì rẹ̀ lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún mi.

Ohun tó yẹ ká ṣe pẹ̀lú òye yìí

Bí a bá ti gbà pé àlejò àti onílé ló ni ìrìn yìí, ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe yí padà. Ẹ wo ìtò àwọn ìlú wa. Láti Ìmẹ̀sí-Ilé sí Òkè-Ìmẹ̀sí kò tó ìrìn ọjọ́ kan. Láti Òkè-Ìmẹ̀sí, òkè náà ń bá a lọ sí gúúsù dé Ẹ̀fọ̀n, láti Ẹ̀fọ̀n èèyàn lè yà sí Erin-Ìjẹ̀ṣà níbi tí Olúmirin wà, tàbí kí ó lọ sí Ìkógòsì níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Òkè kan náà ló so gbogbo wọn pọ̀, ìlú sì wà níbi tí ilẹ̀ ti lè ṣú mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn baba wa tí wọ́n tẹ ìlú wọ̀nyí dó kò kà á sí ìrìn ìgbafẹ́, àmọ́ wọ́n ti fi ibùwọ̀ sí i.

Ohun tó kù ni iṣẹ́ kékeré tó nílò ọ̀wọ̀ ńlá. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan yan ilé mélòó kan tí yàrá mímọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó dára àti omi wà. Kí àwọn ọdẹ ìlú jẹ́ amọ̀nà, kí wọ́n sì gba owó tó yẹ iṣẹ́ wọn. Kí àwọn àgbà sọ òkè tí àlejò lè gùn àti èyí tó jẹ́ ti òrìṣà, kí àlejò sì bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ wọn. Kí ìrìn náà jẹ́ ti ìgbà ọ̀yẹ́, nígbà tí òkúta kò yọ̀.

Àwọn mìíràn ní Áfíríkà ti ń ṣe é. Lórí Kilimanjaro, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 5,895, àwọn tó ń gba ọ̀nà Marangu ń sùn ní àwọn ilé tó wà ní Mandara, Horombo àti Kibo, ọmọ ilẹ̀ náà ló sì ń mú wọn lọ. Ní Ìdáàṣà, ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn ará wa ti ń sọ èdè tó bá tiwa tan, ọmọ ìlú ló ń mú àlejò gun àwọn òkè tí ìlú náà fi ń yangàn.

Ìmẹ̀sí-Ilé fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba àlejò. Láti 1957, dókítà ọmọdé kan tó ń jẹ́ David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ ilé ìwòsàn fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nílùú yìí. Àwọn ìyá Ìmẹ̀sí ṣí ilẹ̀kùn fún òun àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀, wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa wọn ọmọ wọn lóṣooṣù. Nínú iṣẹ́ yẹn ni káàdì ìdàgbàsókè ọmọ, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò lónìí, ti jáde. Ìlú tó gba àjèjì sílé tó bẹ́ẹ̀, tí ayé fi rí ẹ̀kọ́ kọ́ láti ẹnu ọ̀nà ìyàrá àwọn ìyá rẹ̀, ó mọ iṣẹ́ onílé ju bí a ṣe lè fi kọ́ ọ lọ.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òyìnbó ló ń fi ọjọ́ púpọ̀ rìn lórí òkè, tí ó ń sùn sórí ibùsùn rere ní alaalẹ́, ẹ má ṣe bá a jiyàn púpọ̀. Ẹ mú un lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé nígbà ọ̀yẹ́, kí ẹ jẹ́ kí ó gun òkè lẹ́yìn bàbá ọdẹ kan, kí ó sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti wúwo. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá pàdé lójú pópó ló máa ṣe àtúnṣe yìí fún un, pẹ̀lú ìbéèrè tó ti wà nílẹ̀ yìí kí ọ̀nà mọ́tò tó dé.